Ihò Tí Wọ́n Fi Ológbò Dí

Gbogbo ilé ló lè búra pé ológbò kò wọ yàrá náà. Ìlẹ̀kùn wà ní títì láti ìrọ̀lẹ́ àná. Àkísà tí wọ́n ká sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀ nípò. Ológbò fúnra rẹ̀ sùn sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ní pálọ̀, níbi tí wọ́n lé e lọ láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí ọmọ ń sùn. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà jókòó sórí ibùsùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti eékún, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àyà rẹ̀ sì ń súfèé bí táyà tí ìṣó gún.

Aránṣọ, ìyá rẹ̀, kò kígbe. Igbe kì í la ọ̀nà èémí. Ó mú ike oògùn tí wọ́n ń fín sí ẹnu, ó mì í, ó fi í sí ọmọ lẹ́nu.

"Fà á wọnú. Mú un dúró. Ó yá, mí síta."

Ọmọ náà fà á. Lọ́yà ni gbogbo àgbàlá ń pè é, nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí kì í gbà rò, pàápàá jù lọ ẹjọ́ ológbò. Ní òwúrọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń rí sọ.

"Màámi... kì í ṣe... òun."

"Dákẹ́."

"Kò wọlé. Mo... ṣọ́ ọ."

"Mo ní kí o dákẹ́, Lọ́yà. Kóòtù ò jókòó lónìí."

Bíríkìlà, bàbá ọmọ náà, dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí símẹ́ńtì ti mú gan bí páálí. Ó wo ọmọ, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì yan ohun tó rọrùn jù láti sọ.

"Ṣé o rí i báyìí? Mo sọ ọ́. A lé ológbò jáde, a fi àkísà dí ìlẹ̀kùn, ọmọ ò tún lè mí. A jẹ́ pé kì í ṣe ológbò."

"Kí ni, nígbà náà?"

"Ṣé èmi ni nọ́ọ̀sì ni?"

Láti orí ẹní rẹ̀ ní pálọ̀, Màmá, ìyá Bíríkìlà, dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ológbò wà lórí itan rẹ̀, ó ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ láìbìkítà.

"Nígbà tiwa, ewúrẹ́ ń sùn sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, adìẹ ń sùn sábẹ́ ibùsùn, ológbò ń bá wa pín ẹní. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹran ilé ò bá ọmọ lára mu? Ta ló kú?"

Bíríkìlà nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ tí Màmá bí, kò sì sẹ́ni tó bi í rí léèrè ohun tó pa àwọn yòókù.

"Bàbá Lọ́yà," Aránṣọ wí, kò gbé ohùn sókè, "bí ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ mi bá dí, kí la fẹ́ fi ológbò ṣe?"

"Ihò ta ni?"

"Ihò tó wà nínú ilé wa."

"Inú ilé onílé ló wà. Àwa kàn ń gbé ibẹ̀ ni."

"Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ ibẹ̀."

"Ògiri ta ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wọn. Ìsàlẹ̀ ògiri tó kọjú sí gọ́tà ti lanu. Eku ń gba ibẹ̀ wọlé, aṣọ àwọn oníbàárà Aránṣọ ni wọ́n sì ń jẹ. Onílé ní òun ò lè pe bíríkìlà sí ilé tí bíríkìlà ń gbé. Bíríkìlà ní òun ò ní fi ọwọ́ òun tún ilé ẹni tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ òun ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, àfi bí wọ́n bá bẹ òun níṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọlúàbí. Ẹ̀bẹ̀ kò wá. Dípò símẹ́ńtì, onílé gbé ọmọ ológbò kan wá nínú páálí, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Màmá sọ ọ́ ní Kòṣeémánìí. Láti ọjọ́ náà ni ìgbéraga ọkùnrin méjì ti wà ní àlàáfíà. Eku dínkù. Àyà ọmọ ló ń san gbèsè rẹ̀.

"Mo ń lọ síbi iṣẹ́," Bíríkìlà wí. "Wọ́n ń da kọnkéré òrùlé lónìí, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

"Ẹ máa lọ."

Ó dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá òun dúró. Nígbà tí kò sẹ́ni tó dá a dúró, ó lọ. Aránṣọ gbé ọmọ kọ́ èjìká, nítorí pé wọn kì í pọn ọmọ tí èémí rẹ̀ dí, ó sì jáde sí àgbàlá.

Alágbàfọ̀, obìnrin tó ń fọ aṣọ fún ìdajì àdúgbò, ti wà nídìí ọpọ́n rẹ̀. Ọṣẹ bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ṣé ológbò náà ló tún ṣe é? Ẹran tí kò ju ọwọ́ lọ! Àìsàn olówó nìyẹn, Ìyá Lọ́yà. Ẹ jẹ́ ká fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ní balùwẹ̀ méjì."

Onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ẹnu géètì, ń gbé àga oníbàárà síta. "Àìsàn ò mọ olówó," ni ó wí. "Ilé tó bá ráyè wọ̀ ló ń wọ̀. Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà kọjá."

"Ẹ wá gbọ́ dókítà orí fífá."

"Ó kéré tán, bí mo bá gbé orí tó ṣófo dání, mo máa ń mọ̀ ọ́n."

Aránṣọ kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ń ka èémí ọmọ náà tó ń dún sí i létí, ó sì ń yára rìn.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ìbòmú oníke bo ẹnu àti imú ọmọ, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń sọ oògùn di ìkùukùu fún un. Aránṣọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ń wo àyà ọmọ bí ó ṣe máa ń wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí aṣọ bá nípọn: bí yóò bá kán, ojú ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀. Kò kán. Súfèé náà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku èyí tí ẹni tó bá gbé etí sí i nìkan lè gbọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà fa àga wá. Obìnrin tí kì í ṣeré ni, kò sì ṣeré lọ́jọ́ náà.

"Ìyá ọmọ, mo sọ fún yín pé ológbò ò gbọdọ̀ wọ yàrá rẹ̀."

"Kò wọ ọ́, mà."

"Gbogbo ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ló ń sọ pé kò wọ ọ́."

"Mo fi Ọlọ́run búra, mà."

"Ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀. Níbo ló ń sùn?"

"Ní pálọ̀. Nínú agbọ̀n àjákù aṣọ mi, ní ìdí ẹ̀rọ."

"Àjákù aṣọ. Kí lẹ ń fi àjákù náà ṣe?"

Aránṣọ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Aránṣọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í da nǹkan nù. Etí aṣọ, igun aṣọ, èyí tí àlùmọ́gàjí gé kù, inú agbọ̀n ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Bí agbọ̀n bá kún, a ó kó o sínú àpò, a ó rán ẹnu àpò pa, ó di ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí tó wà lábẹ́ orí Lọ́yà, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lé ológbò jáde ni ó rán an, kí ọmọ lè rí nǹkan gbá mọ́ra dípò ẹran tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìrọ̀rí," ni ó wí.

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Ẹ lé ológbò jáde, ẹ wá rán an sínú ìrọ̀rí fún ọmọ."

"Mo gbọ̀n irun rẹ̀ kúrò, mà. Mo gbọ̀n ọ́n dáadáa."

"Irun kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ológbò ń lá ara rẹ̀ tọ̀sán tòru. Itọ́ yẹn á gbẹ, á bó pẹ̀lú èèpo ara rẹ̀, á di lẹ́búlẹ́bú tí ojú yín ò rí. Ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, mọ́ ọwọ́, mọ́ àga, mọ́ itan tí ó bá jókòó lé. Ẹ gbọ̀n ọ́n di ọ̀la, kò ní lọ."

Aránṣọ ronú kan itan Màmá.

"Ṣé a ò lè máa fọ̀ ọ́ ni, mà? Ká máa wẹ ológbò, ká máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn? Mo gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹran wọn ṣì wà nílé."

"Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ò rí bákan náà. Ẹlòmíràn á sín, á nu imú, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fọ aṣọ, kó fọ ọwọ́, kó ti ìlẹ̀kùn yàrá, kó sì bá ológbò gbé. Ti ọmọ yín kì í ṣe sísín. Ọ̀nà èémí ló ń dí." Ó tọ́ka sí ẹ̀rọ oògùn. "Ẹ fẹ́ ká máa fi èyí ṣí i títí dìgbà wo?"

"Rárá, mà."

"Màá jẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ sílé, nítorí ó ti ń mí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ológbò àti ìrọ̀rí yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ má gbé ọmọ yìí sùn sínú ilé náà. Èyí tó ń bọ̀ lè má dúró títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ wa."

Aránṣọ dìde. Kò sunkún. Bí a bá tilẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tó sì ń rí ni ògiri.

Nígbà tí wọ́n délé, Màmá ti gbé ìrẹsì kalẹ̀ fún un, ó sì ti fi orí ẹja sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ológbò. Aránṣọ rékọjá lára àwo. Ó fi ọmọ jókòó sábẹ́ ìbòòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n Alágbàfọ̀, ó wọ yàrá, ó gbé ìrọ̀rí jáde sínú oòrùn, ó fi àlùmọ́gàjí la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àjákù aṣọ tú sílẹ̀: ti aṣọ ilé-ìwé, ti kọ́tínì, ti ṣòkòtò awakọ̀ kan tó sanra ju ìwọ̀n tó sọ fún aránṣọ lọ. Irun ológbò so mọ́ gbogbo wọn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tó já, eruku kan sì dìde sínú ìmọ́lẹ̀. Onígbàjámọ̀, tó ti sún mọ́ wọn láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, sín. Ó tún sín.

"Èyí kì í ṣe ìrọ̀rí," ni ó wí. "Ológbò kejì ni."

Alágbàfọ̀ nu ọwọ́, ó gbé ọmọ, ó sì lọ gbé e kalẹ̀ níbi tí eruku náà kò lè dé.

Màmá ti jáde. Ó dúró lórí àwọn àjákù aṣọ náà, ó ń wò wọ́n.

"Èyí tó rọ̀ jù ni mo ṣà fún ọ nínú agbọ̀n," ni ó wí. "Èyí tí ẹran náà ti tẹ̀ dáadáa. Mo ní kó lè rọ ọmọ lọ́rùn."

"Ọwọ́ mi ló rán an, Màmá."

"Èmi náà wà níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà..."

Onígbàjámọ̀ mú àpò, ó kó àjákù aṣọ náà sínú rẹ̀, ó so ẹnu rẹ̀ pinpin, ó gbé e lọ sí ààtàn.

"Kòṣeémánìí ń lọ," Aránṣọ wí.

Láti òdìkejì àgbàlá, ohùn Lọ́yà dé; ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n gbólóhùn ti ń pé lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa sọ ọ́ sí gọ́tà ni?"

"A kì í sọ ẹlẹ́mìí nù."

"Ṣé mo lè máa fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Ká ní mo fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀? Ká ní mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?"

Irọ́ ì bá rọrùn. "Rárá," ìyá rẹ̀ wí. "Wàá máa wò ó láti òkèèrè."

Lọ́yà ro ẹjọ́ náà lọ, ó rò ó bọ̀. "Ẹja ńkọ́? Ẹja ò ní irun, kì í lá ara rẹ̀. Ẹ bá mi bi nọ́ọ̀sì bóyá ẹja á bá mi lára mu. Èyí tó ń gbé inú ìgò."

"Nínú ilé tí wọ́n ti ń jẹ orí ẹja?" Onígbàjámọ̀ ti padà dé. "Kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ, ó ti di ọbẹ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó wúkọ́, ó tún rẹ́rìn-ín.

"A ó bi nọ́ọ̀sì," Aránṣọ wí. Kì í ṣe pé ó fi ń tàn án jẹ.

"Ológbò ní tirẹ̀, ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi," Onígbàjámọ̀ wí. "Irun ni mo ń gbá látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tirẹ̀ ò lè pọ̀ ju ti oníbàárà lọ, kò sì ní bá mi jiyàn pé mo fá a wọ́."

"Ìwọ tó ń sín yìí?" Alágbàfọ̀ bi í.

"Mo ti ń sín láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́. Bí irun bá pa mí, ẹ sọ fún wọn pé ẹnu iṣẹ́ ni mo kú sí."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé ológbò, ó gbá a mọ́ àyà. "Èmi ńkọ́?" ni ó bi ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ẹ lè máa lọ wò ó nígbàkúùgbà, Màmá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bọ̀, ẹ ó fọ ọwọ́, ẹ ó pààrọ̀ ìró, kí Lọ́yà tó jókòó lé yín lẹ́sẹ̀."

"Èmi ni màá máa pààrọ̀ ìró torí ológbò?"

"Torí Lọ́yà ni."

"Itan méjì ni mo ní, ìyàwó. Mo rò pé ọ̀kan lè jẹ́ ti ọmọ, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹran."

"Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, Màmá. Kò rí bẹ́ẹ̀."

Màmá gbé ológbò lọ sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó lọ sídìí omi, ó fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó wọlé lọ pààrọ̀ ìró, ó sì ju èyí tó bọ́ sínú ọpọ́n Alágbàfọ̀.

"Ẹ kó gbogbo aṣọ ibùsùn wá pẹ̀lú," Alágbàfọ̀ wí. "Kọ́tínì náà. Omi ti ń hó lórí iná."

"Ṣé ẹ ti wá ń fọ àìsàn olówó ni?" Onígbàjámọ̀ bi í.

"Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ọwọ́ mi ló ń fọ̀ ọ́. Kí lo tún fẹ́?" Ó yíjú sí Aránṣọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ológbò ti kúrò nílé, Ìyá Lọ́yà, eku kò sì ní pẹ́ mọ̀. Aṣọ ilé-ìwé tó kún ara ògiri yín yẹn ńkọ́?"

Aránṣọ ti ń rò ó láti ilé ìwòsàn. Aṣọ ilé-ìwé odidi kíláàsì kan ló fi kọ́ ní pálọ̀, èyí tí olùkọ́ wọn ń bọ̀ wá kó lọ́la. Bí eku bá fi ẹnu kan ọ̀kan péré, iṣẹ́ ilé-ìwé náà ti bọ́ nìyẹn, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì fi ń jẹun nígbà tí òjò bá dá iṣẹ́ bíríkìlà dúró. Ó mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Eku yóò jẹ aṣọ, Bíríkìlà yóò bínú, Màmá yóò dákẹ́, nígbà tó bá sì yá, ẹnì kan yóò sọ pé kí wọ́n gbé ológbò padà wá, fún ìgbà díẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ náà ni ọmọ kò ní lè mí.

Ó wọ yàrá. Ó dojú bolẹ̀, ó sì wọ́ àpò kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Símẹ́ńtì ni, ìdajì àpò, tí Bíríkìlà ń tọ́jú fún ìpìlẹ̀ ilé tiwọn. Wọn kò tíì ní ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ọ sí. Símẹ́ńtì rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ní. Ọ̀rinrin ti bá a, etí rẹ̀ ti di òkúta. Aránṣọ fi òkúta mìíràn fọ́ ọ. Ní àárín rẹ̀, ó ṣì kúnná bí ìyẹ̀fun.

Ó sún ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó kúnlẹ̀ síwájú ihò. Òórùn gọ́tà bá a nímú. Ó ti ọwọ́ bọ inú ihò náà dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì fa ìtẹ́ eku jáde. Aṣọ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ: aṣọ àwọn oníbàárà, wẹ́wẹ́, àwọ̀ oríṣiríṣi. Ó mọ oníbàárà tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ sí i.

"Eku kì í jẹ ìgò," Màmá wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ọpọ́n kan dání, ó kún fún àfọ́kù ìgò. "Ìgò la fi ń dí i nígbà tiwa. Rọra, kó má gé ọ lọ́wọ́."

Wọ́n ń kó o sínú ihò, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Lẹ́yìn náà Aránṣọ kó yanrìn láti ẹ̀yìn ilé, ó dà á pọ̀ mọ́ símẹ́ńtì nínú páànù, ó bu omi sí i, ó sì mú irin ìrẹ́lé kan tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nílé. Ó ti fọ aṣọ tí símẹ́ńtì mú gan láìmọye ìgbà, kò pò ó rí.

Onílé gbọ́ ìró òkúta láti iwájú títì, ó sì wọlé pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe sí ògiri mi?"

"Ẹ káàsán, sà. Mo ń dí i."

"Ta ló fún yín láṣẹ? Ṣebí mo ti bá yín yanjú ọ̀rọ̀ eku. Ológbò tí mo fún yín dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ Onígbàjámọ̀."

"Ẹ fi ẹ̀bùn mi tọrẹ!"

"Ó ń dí ọmọ mi léèémí, sà."

"Ológbò?" Onílé wo Màmá, bí ẹni tó ń wá àgbà tí yóò bá òun rẹ́rìn-ín. Màmá ń ṣa ìgò.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Bíríkìlà ti ibi iṣẹ́ dé. Àpò náà ni ó kọ́kọ́ rí.

"Símẹ́ńtì wa nìyẹn."

"Òun ni," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ káàbọ̀."

"Símẹ́ńtì ilé wa! Ìwọ wá ń kó o sí ara ilé..." Ó rí onílé, ó sì dákẹ́.

Ojú onílé ti tú ká. "Bíríkìlà mi, ẹ káàbọ̀. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ máa tún un ṣe fún mi. Ẹni tó ń gbénú ilé náà ló ń mọ ibi tó ń jò."

Ẹ̀rín náà ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọrùn Bíríkìlà le.

"Gbé irin yẹn sílẹ̀, Ìyá Lọ́yà."

Irin ìrẹ́lé wà lọ́wọ́ Aránṣọ. Kò gbé e sílẹ̀.

"Mo ní kí o gbé e sílẹ̀! Kò ní fi símẹ́ńtì mi rẹ́rìn-ín."

"Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín." Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwọ̀n aṣọ fún oníbàárà. "Mo ti rí ohun tó ń dí ọmọ yín léèémí, Bàbá Lọ́yà. Àjákù aṣọ tí ológbò ń sùn lé ni mo rán sínú ìrọ̀rí fún un. Ìrọ̀rí yẹn, ọwọ́ mi ni. Mo ti sọ ọ́ nù. Itan Màmá wà nínú rẹ̀. Màmá ti fọ ọwọ́, wọ́n ti pààrọ̀ ìró. Ihò yìí ló kù. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni ín."

Níta, Alágbàfọ̀ ń fún omi kúrò lára kọ́tínì. Wọ́n gbọ́ bí omi náà ṣe ń dà sílẹ̀. Màmá kò gbé ojú sókè wo ọmọ rẹ̀. Ó mú àfọ́kù ìgò kan sí i, ó tì í wọ inú ihò, ó sì fi ìka wò ó bóyá ó dúró.

Aránṣọ bu símẹ́ńtì sórí irin.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí fún onílé, "ẹ sún sẹ́yìn. Ojú ihò lẹ dúró sí."

Onílé wo bàtà rẹ̀. Ó sún.

Aránṣọ lẹ símẹ́ńtì náà mọ́ ògiri. Ó yọ̀, ó ṣàn sílẹ̀. Ó bu òmíràn. Òun náà ṣàn. Ó fi ọwọ́ gbá a padà sínú páànù, ó tún bu òmíràn. Bíríkìlà dúró lórí rẹ̀, ó ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń là, wọ́n ń pa dé.

"Omi rẹ̀ ti pọ̀ jù," ni ó wí níkẹyìn.

"Ẹ bu yanrìn sí i."

Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu yanrìn sí i.